Wọ́n Ní Oòrùn Ni

Ní nǹkan bí agogo kan ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹta, níwájú ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n tún ń pè ní Porto-Novo, Peugeot 404 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa dákẹ́ láàárín títì, kò sì dáhùn mọ́. Àwọn oní-zẹmijan, àwọn ọlọ́kadà wa, tí wọ́n wà lẹ́yìn mi ń fọn fèrè, ìyá kan tí ó ru agbọ̀n tòmáàtì dúró láti wòran, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí n kò bẹ̀ lọ́wẹ̀ sì ti ṣí kapó, ìdérí ẹ́ńjìnì, kí n tó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti gbé kẹ́ẹ̀gì omi tútù sókè, ó fẹ́ dà á lé ẹ́ńjìnì lórí. Mo kígbe mọ́ ọn kí ó dúró, nítorí irin tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lè sán bí omi tútù bá bà á lójijì. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó sọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀, ó sì sọ ohun tí gbogbo àwọn tí ó pé jọ síbẹ̀ ń sọ: "Oòrùn ni, ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ àtijọ́ kò lè gba oòrùn ayé ìsinsìnyí mọ́."

Ó tó ọdún méjì gbáko tí èmi náà fi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, owó tí mo sì ná lórí rẹ̀ kò kéré.

Bàbá mi ra ọkọ̀ náà ní 1971, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Benin. Olùkọ́ ni bàbá mi ní Pọ́bẹ̀, ọmọ Kétu sì ni, nítorí náà kò sí ìsinmi ilé-ìwé tí kì í gba ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kọjá lọ sílé, lórí amọ̀ dúdú tí ó máa ń yọ̀ bí ilá nígbà òjò, tí ó sì máa ń la ẹnu sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa ọmọ mẹ́rin á wà lẹ́yìn, ìyá wa á wà níwájú, adìyẹ á wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ń fẹ́ wa lára ju afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé lọ. N kò rántí ìgbà kan tí a dúró sójú ọ̀nà nítorí ooru. Nígbà tí mo dàgbà ni mo wá kà á pé irú ọkọ̀ yìí kan náà ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ní 1963, ní 1966, ní 1967 àti ní 1968, lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà eruku àti òkúta. Ó yẹ kí èyí ti kọ́ mi lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dákú lọ́jà kì í rántí ìtàn.

Lẹ́yìn ọjọ́ Wàndó, mo pinnu pé kí ọkọ̀ náà padà sí Kétu. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àjàṣẹ́ ti ń jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìpata, bàbá mẹkáníìkì tí ó máa ń tọ́jú rẹ̀ nígbà ayé bàbá mi sì ṣì wà láàyè ní Kétu. N kò gbẹ́kẹ̀ lé e láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bí 100 kìlómítà, mo sì háyà ọkùnrin kan tí ó ní ọkọ̀ ńlá onípẹpẹ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ tí ó bàjẹ́. Àdéhùn wa ni agogo márùn-ún ìdájí. Agogo mọ́kànlá ni ó dé.

Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Nítorí pé mo ń bẹ̀rù oòrùn, mo fi tapólì bo ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, mo sì fi okùn gbá a mọ́ra, mo rò pé ìfẹ́ ni mo ń fi hàn sí i. Ọkùnrin náà ní tirẹ̀ mú àwọn bẹ́líìtì ọ̀rá tí ó fi ń di ẹrù jáde, ó ta wọ́n kọjá lórí bọ́ńpà, ó fà wọ́n le, ó ní ká máa lọ. Bí ẹ bá rí àwọn bẹ́líìtì náà, ẹ̀yin náà ì bá ti bi í léèrè. Orí ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé láti àárọ̀ dé alẹ́, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Àwọ̀ wọn tí ó jẹ́ búlúù nígbà kan ti di eérú, etí wọn ti hu irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí irun orí àgbàdo, nígbà tí mo sì fi àtàǹpàkò ra ọ̀kan, ìyẹ̀fun funfun lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun yẹn ni ọ̀rá tí oòrùn ti jẹ kú. Mo rí i, n kò sọ nǹkan kan. Kí a tó dé Ṣakétẹ́, bí a ṣe ń gun ìdiwọ́ kan tí wọ́n mọ sí ojú títì, ọ̀kan já pàá bí ẹgba, ọkọ̀ bàbá mi fà sẹ́yìn bí ìbú ọwọ́ kan, bọ́ńpà ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń di ọkọ̀. Orí sípíríǹgì ni ara ọkọ̀ jókòó lé. Bí a bá di ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí ó bá jó lórí kòtò ni okùn yóò dẹ̀, tí yóò sì tún le, títí ibi tí ó bá kù díẹ̀ yóò fi já. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni a ń dì, kí bẹ́líìtì gba orí táyà kọjá, kí sípíríǹgì lè máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bí ó ti wù ú. A ó fi gíà sí i, a ó fa ọwọ́ bíréèkì, a ó fi igi há táyà níwá àti lẹ́yìn, a ó yọ orí bátìrì, epo inú táǹkì kò sì ní ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, nítorí epo tí ooru bá mú yóò wú, yóò sì wá ibi tí yóò gbà jáde. Lẹ́yìn bí 20 kìlómítà, ó di dandan kí awakọ̀ dúró kí ó tún gbogbo okùn fà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù ti máa ń jókòó sí àyè rẹ̀. Ní ti tapólì mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí, nítorí ó ṣì ń dùn mí: afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà gbọn ọ́n pẹ́pẹ́pẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, eruku sì wà láàárín òun àti ọ̀dà. Nígbà tí a tú u ní Kétu, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọkọ̀ náà rí bí ẹni pé wọ́n fi bébà oníyanrìn fá a. Bí mo bá ti jẹ́ kí oòrùn pa á lásán ni, kì bá tí rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá mẹkáníìkì náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, abẹ́ igi òdán kan sì ni gáráàjì rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ohunkóhun fún ìgbà pípẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka ti abẹ́ fáànù, fáànù yí gbirigbiri, ó bẹ́ sẹ́rìn-ín.

"Àkànní," ó fi oríkì mi pè mí, "ta ni ó bọ́ aṣọ lára ìyàwó bàbá rẹ?"

Mo ní oòrùn ni, bàbá, wọ́n ní oòrùn ni.

"Oòrùn tí bàbá rẹ fi wà á náà nìyí. Ẹ̀yin ni ẹ tú u sí ìhòòhò, ẹ wá ń bá oòrùn jà."

Kí ẹni tí kò mọ 404 lè lóye ohun tí ó rí, fáànù rẹ̀ kò rí bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ìgbà náà. Àwọn tí ó ṣe é fi mágínẹ́ẹ̀tì oníná sí ìdí rẹ̀. Nígbà tí omi tí ó ń mú ẹ́ńjìnì tutù kò bá tíì gbóná, fáànù náà ń yí lọ́fẹ̀ẹ́ ni, kò gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan tí ó ju 80 lọ ní Celsius, ohun kékeré kan nínú rẹdiétọ̀ yóò rán iná sí mágínẹ́ẹ̀tì, yóò gbá fáànù mú, afẹ́fẹ́ yóò sì dé. Ọ̀nà tí iná náà ń gbà wọlé ni káábọ́ọ̀nù kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, tí ó máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹfun tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé. Tiwa ti jẹ tán. Ẹni tí ó tún un ṣe ní Àjàṣẹ́ kò wá òmíràn. Ó gé wáyà rẹ̀, ó ká a pa mọ́. Fáànù ṣì ń yí, ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí a bá wà lójú ọ̀nà gbalasa, ìrìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń mú afẹ́fẹ́ wọ rẹdiétọ̀. Bí a bá dúró sínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ìta ọjà, kò sí afẹ́fẹ́ láti ibì kankan. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé Wàndó ni ó ti ń dákú, tí kì í dákú lójú ọ̀nà Kútọnu. Ọdún méjì ni mo fi wo àpẹẹrẹ yìí láì rí i.

Ohun kejì tí wọ́n yọ ni kálósítà. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú ju ti fáànù lọ, nítorí pé àṣà ni, kò sì sí gáráàjì tí n kò tíì gbọ́ ọ: "Ilẹ̀ Faransé tí ó tutù ni wọ́n ṣe é fún, ẹ yọ ọ́ dànù." Kálósítà jẹ́ ilẹ̀kùn kékeré kan ní ojú ọ̀nà omi, tí ó ń tì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, tí ìda inú rẹ̀ sì ń ṣí i bí ó bá gbóná. Ẹ́ńjìnì tí kò ní in yóò máa fi òwúrọ̀ ṣiṣẹ́ nínú òtútù, yóò máa mu epo lámujù, òróró rẹ̀ yóò sì tètè di ẹrẹ̀. Èyí tí ó tún burú ni pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, ilẹ̀kùn yìí kan náà ni ó ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi ń gbà padà sẹ́yìn. Bí kò bá sí níbẹ̀, apá kan nínú omi gbígbóná yóò máa yí po láì dé rẹdiétọ̀ rárá. Ó dà bí ẹni tí ó yọ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, tí ewúrẹ́ àdúgbò wá sọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ di ibùsùn.

Mo ra mẹ́ta ní Kútọnu, nítorí bàbá sọ fún mi pé kí n má gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó tà á gbọ́, kí n sè é. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé ìkòkò omi ka orí ẹ̀yín iná ní àgbàlá wa, mo fi òwú so àwọn kálósítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ igi tí mo gbé dábùú ẹnu ìkòkò, kí wọ́n má baà fara kan ìdí rẹ̀, mo sì ti ohun èlò ìwọn-ooru tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tí ó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì bọ inú omi. Ìyá mi jáde, ó wo inú ìkòkò, ó wò mí. "Ṣé oúnjẹ alẹ́ nìyẹn?" Ní 60, kò sí nǹkan kan. Ní 70, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ ní etí ìkòkò. Nígbà tí ó kọjá 80 díẹ̀, àkọ́kọ́ ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, ó ń gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè jẹ́jẹ́, òwú tí ó so ó sì yí díẹ̀. Ìkejì tẹ̀ lé e kò pẹ́ púpọ̀. Ìkẹta wà nínú omi híhó títí iná fi kú, kò la ẹnu. Tuntun ni, nínú ọ̀rá rẹ̀ ni mo ti tú u. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni a fi sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì ì bá ti jóná, gbogbo Kétu ni ì bá sì sọ pé oòrùn ni.

Ọ̀rọ̀ omi kò tán síbẹ̀. Irin ni ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì 404, alumíníọ́mù ni orí rẹ̀, omi sì ń fara kan ìta sìlíńdà gan-an. Omi kànga wa ní Kétu ní òkúta nínú. Ẹ lọ wo ẹ̀pá funfun tí ó lẹ̀ mọ́ inú ìkòkò tí ìyá yín fi ń se omi. Èyí tí a tú jáde láti inú ọkọ̀ bàbá mi pọ́n bí ṣakpalo, ọtí ọkà-bàbà. A fọ inú rẹ̀ títí omi fi mọ́, a sì fi omi bátìrì (omi tí kò ní òkúta nínú, kì í ṣe ásíìdì) àti òróró ìdènà ìpata kún un ní ìlàjì-ìlàjì. Ìdérí rẹdiétọ̀ tí a bá lórí rẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn, kò sì dé dáadáa. Ìdérí yẹn kì í ṣe ọmọrí ìkòkò lásán: ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ni, omi tí a bá sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í tètè hó. Bí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà bá jẹ́ 1 bar, omi lásán yóò dé 120 kí ó tó hó, dípò 100. Ìdí kan náà ni ó fi ń bẹ́ jáde bo ojú ẹni tí ó bá ṣí i nígbà tí ó gbóná. Mo mọ ọkùnrin kan tí àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn.

Kí ni ó wá pa ọkọ̀ náà dákẹ́ ní Wàndó, nígbà tí omi rẹ̀ kò tíì hó? Epo ni. Ara ẹ́ńjìnì ni pọ́ǹpù epo 404 wà, ẹnìkan sì ti gba ọ̀pá epo náà kọjá nítòsí ibi tí èéfín ń gbà jáde. Nígbà tí abẹ́ kapó bá gbóná jù, epo yóò di oru nínú ọ̀pá, pọ́ǹpù kò sì lè fa oru. A yí ọ̀pá náà sí ìhà kejì, a fi aṣọ tí kì í jóná wé e, a sì fi asẹ́ epo tí a lè rí inú rẹ̀ sí i. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, aṣọ tútù tí a fún dáadáa lórí pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó; lẹ́yìn náà, kí a tẹ ìtẹ̀sẹ̀ epo mọ́lẹ̀ pátápátá, kí a má ṣe máa pọn ọ́n, kí a sì ṣáná sí i. Mo tún ti fi kpayo, epo fàyàwọ́ tí ó ń ti Nàìjíríà wá, sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wa ni àwọn tí ó ń tà á. Epo tí ó ti wà nínú ìgò lẹ́bàá títì láti àárọ̀, tí oòrùn ń là á kọjá, kò lè rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí ó wà nínú ilẹ̀. Láti ìgbà tí Nàìjíríà sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, kò fi bẹ́ẹ̀ rọjú mọ́ tí a ó fi máa dárí ìdọ̀tí rẹ̀ jì í.

Ibi tí a gbé e sí náà fún mi ní wàhálà. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo kọ́kọ́ fi í sí, mo sì rò pé mo gbọ́n. Nínú oṣù kẹrin, máńgòrò bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ lóru, gbì, gbì, oje ara igi sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà bí gọ́ọ̀mù. Àtíbàbà páànù tí mo wá kọ́ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ní ọ̀sán, ó di ààrò. Ọ̀kan tí mo fi koríko bẹẹrẹ bò, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, ni ó wà níbẹ̀ di òní, bí àwọn ìyá àgbà wa ì bá ti sọ fún mi bí mo bá bi wọ́n. Aṣọ òwú ni mo fi ń bò ó, kì í ṣe ọ̀rá, kí òógùn ilẹ̀ lè rí ọ̀nà jáde. Bátìrì rẹ̀ ń mu omi ní ẹ̀ẹ̀rùn bí ẹni tí ó ń gbààwẹ̀ ń mu omi ní àṣálẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń wò ó. Ìdájí ni mo máa ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí oòrùn tó yọ, n kì í sì í tú u nígbà tí ó bá gbóná, nítorí pé bí ó bá tutù, yóò dínkù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tún máa ka nọ́ńbà mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ táyà tòkúnbọ̀ kí ẹ tó sanwó: bí wọ́n bá kọ 2311, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kí eyín rẹ̀ gùn tó.

Ìbátan mi kan ní Sábẹ̀ ní 504 akẹ́rù, tí ó fi ń kó iṣu. Òun ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní tòun kò le tó bẹ́ẹ̀, ohun èlò rẹ̀ sì ń wá láti òdìkejì ààlà, nítorí Kàdúná to 504 pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1975. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn Sábẹ̀ kò fi ọkọ̀ ṣeré. Àwọn òkè àpáta tí ó yí ìlú náà ká ń mu oòrùn lọ́sàn-án, wọ́n sì ń pọ̀ ọ́ padà lóru. Lọ́jọ́ kan tí ó ti ń tẹ bíréèkì láti àárọ̀ lábẹ́ ẹrù iṣu, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀ láìrí nǹkan kan. Òróró bíréèkì rẹ̀ ti hó, nítorí irú òróró yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n kọ DOT 4 sí lára gbọ́dọ̀ dé 230, ó kéré tán, kí ó tó hó nígbà tí ó jẹ́ tuntun. Bí ó bá ti fa omi, 155 péré ni òfin béèrè. Ó bi mí bí ó ṣe yẹ kí ó máa pààrọ̀ rẹ̀ sí. Mo ní ọdún méjì-méjì. Ó ní òun ti ń lo tòun láti ìgbà tí òun ti rà á. Igi ìdí kan ni ó dá a dúró, kò sì pa á lára.

Nínú oṣù kẹta tí ó kọjá, mo gbé ìyá mi lọ sí ìgbéyàwó kan ní Àjàṣẹ́ nínú 404 náà. Agogo mẹ́wàá ni a tó gbéra, nítorí gèlè. Ní ìtòsí Onígbolo, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti dí ọ̀nà, a sì dúró sẹ́yìn wọn nínú eruku funfun, láìsí ibòji, láìsí atẹ́gùn. Mo ń wo abẹ́rẹ́ ìwọn-ooru bí ó ti ń gòkè. Ìyá mi ń sọ ọ̀rọ̀ ẹbí ìyàwó fún mi, n kò dá a lóhùn. Abẹ́rẹ́ náà gòkè díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, nǹkan kan ta "kọ́" níwájú wa, afẹ́fẹ́ hó ṣààà lábẹ́ kapó, abẹ́rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Ìyá mi dákẹ́ díẹ̀. "Ìró yẹn," ó ní. "Bàbá yín náà kì í dá mi lóhùn títí yóò fi gbọ́ ọ."